Ẹ má fi kánfáàsì sílẹ̀ ní funfun sùn

Ẹ̀yin ayàwòrán ẹgbẹ́ wa l'Óṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí ọkàn yín bá gbẹ, tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ ó yà, kí ẹ tó sùn, ẹ fi omi la ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀, kí ẹ fi kun kánfáàsì náà wúruwùru. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí i pé ibi tí ọ̀dà ti ki ti fẹ́ jọ igi tàbí ojú èèyàn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àdúrà ńkọ́? Ẹ gbà á, mùsùlùmí, onígbàgbọ́, oníṣẹ̀ṣe, ṣùgbọ́n kí búrọ́ọ̀ṣì ti wà lọ́wọ́. Àdùnní Olórìṣà pàápàá, ayàwòrán òyìnbó tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Susanne Wenger, tó gba Ọ̀ṣun gbọ́ tọkàntọkàn, òun àti Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà ni wọ́n jọ fi sìmẹ́ǹtì ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun nígbà ayé rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dà akirílíìkì lẹ lò, ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì lálẹ́ yẹn náà o, ó tètè ń gbẹ.