Bí mo ṣe yan béèsì fún ẹgbẹ́ akọrin wa: olókùn mẹ́rin àbí olókùn márùn-ún?

Ìgbìmọ̀ orin ìjọ wa nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní kí n lọ wá gìtá béèsì tí a máa rà. Èmi ni mò ń ta béèsì fún ẹgbẹ́ akọrin, èyí tí a sì ń lò tẹ́lẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí agara fi dá a: ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè nà án mọ́. Owó tí a dá jọ kò ká tuntun inú páálí, tòkunbọ̀ tó ṣì lágbára ni à ń wá.

Lẹ́yìn tí mo ti wá a kiri, méjì ló kù. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta ohun èlò orin ní agbègbè Takie: olókùn mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Precision, kò lo bátìrì, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí lójú ibi tí apá ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti ń jókòó. Èkejì jẹ́ ti ọmọ LAUTECH kan ní Under G tó ti parí ẹ̀kọ́, tó ń múra àtilọ ṣe àgùnbánirọ̀: olókùn márùn-ún, ó dúdú, ó ń dán, bọ́tìnì pọ̀ lára rẹ̀, bátìrì 9V kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Owó wọn kò jìnnà síra. Olókùn márùn-ún ló fi díẹ̀ wọ́n jù.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ló ní olókùn márùn-ún ni kí n gbé. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta béèsì níbi ìyìn lóde òní, márùn-ún ló wà lọ́rùn wọn, àwọn ọ̀dọ́ sì gbà pé ẹni tó bá ṣì ń ta mẹ́rin kò tíì dàgbà nínú iṣẹ́ náà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìjọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi èrò ara rẹ̀ ná. Mo bẹ àwọn tó ni gìtá méjèèjì pé kí wọ́n jẹ́ kí a gbọ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, lórí amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè) kan náà, pẹ̀lú wáyà kan náà, láàrin ìlù. Bàbá gba owó ìdógò díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ LAUTECH ní, "Bọ̀dá, èmi fúnra mi máa gbé tèmi wá." Ó sì gbé e wá lóòótọ́.

Kí a tó tan amp rárá ni mo ti yẹ ara wọn wò, torí pé bí ohùn bá ti wọ èèyàn létí, kì í rí àbùkù ara igi mọ́. Ọrùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbé gìtá lé itan, mo fi ìka òsì tẹ okùn E mọ́ fret àkọ́kọ́ (fret ni àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá), mo fi ìka ọ̀tún tẹ okùn kan náà mọ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara. Okùn yóò nà tàntàn láàrin méjèèjì. Mo wá wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ níbi fret keje. Bí páálí káàdì ìkésíni bá lè gba ibẹ̀ kọjá ní gẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn wà bó ṣe yẹ. Bí kò bá sí àlàfo rárá, okùn á máa ha fret. Bí àlàfo bá sì pọ̀, ọrùn ti tẹ̀ síwájú, ìka á máa jìyà.

Ti olókùn márùn-ún dára. Ti olókùn mẹ́rin tẹ̀ díẹ̀. Irin kan wà nínú ọrùn gìtá, truss rod, tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ Allen yí láti nà án. Mo ti bi bàbá léèrè nígbà tí mò ń gbé gìtá náà bóyá mo lè fọwọ́ kàn án, ó ní, "Yí i, ọmọ mi, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀." Mo yí i díẹ̀, kò tó ìdá mẹ́rin àyípo kan, mo fi í sílẹ̀ kí igi gba ara rẹ̀, mo tún wò ó. Ọrùn ti padà sípò. Èyí ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù. Ọrùn tó tẹ̀ tí irin inú rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn sàn ju ọrùn tó nà lónìí tí irin rẹ̀ ti dì lọ, pàápàá níhìn-ín. Gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí ilẹ̀kùn àti àpótí wa: igi á gbẹ, á sún kì. Ọrùn gìtá náà ń gbẹ bẹ́ẹ̀, etí àwọn fret á wá yọ síta. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì láti òkè délẹ̀. Ti mẹ́rin jọ̀lọ̀. Ti márùn-ún ń ta wá lọ́wọ́ níbì kan sí ibì kan. Fáìlì lè tún ìyẹn ṣe, n kò kà á sí ẹ̀bi. Kọ́kọ́rọ́ ìṣohùn àti ihò wáyà, àwọn méjèèjì dáa.

A wá tan amp. Ibi tí mo pẹ́ sí jù nìyí, kì í sì í ṣe orin ni mo kọ́kọ́ ta. Mo ṣí bọ́tìnì ohùn sókè, mo gbé ọwọ́ kúrò, mo ń gbọ́ ohun tí gìtá ń sọ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ta á. Jẹnẹrétọ̀ ló sábà máa ń gbé ìsìn wa, iná gbọọrọ sì tò sí òkè orí wa níbi tí ẹgbẹ́ akọrin ń jókòó sí. Pickup gìtá kò ju òòfà tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà. Okùn irin tó bá gbọ̀n lórí òòfà náà ń dá iná kékeré sínú wáyà, iná kékeré yìí ni amp ń sọ di ohùn. Àmọ́ wáyà tó ń gbọ́ okùn ń gbọ́ iná ilé pẹ̀lú. Iná tiwa ń gbọ̀n nígbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, 50 Hz, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohùn G tó wà ní fret kẹta okùn E mu, èyí tó jẹ́ 49 Hz. Ìyẹn ni pé ariwo náà ń wọ àárín ibi tí béèsì ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Pásítọ̀ á máa gbàdúrà, ohùn kan tí kò bá kíì, ohùn ìpìlẹ̀ orin, mu á máa kùn lábẹ́ àdúrà.

Ọdún 1951 ni Leo Fender gbé Precision jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 1957 ni wọ́n yí pickup rẹ̀ sí irú tó wà lára ti bàbá yìí: wọ́n pín in sí méjì, apá kan ń gbọ́ okùn E àti A, apá kejì ń gbọ́ D àti G. Wọ́n wé wáyà apá kan lódì sí ti èkejì, òòfà wọn náà sì lòdì síra. Ariwo iná tó bá wọ méjèèjì á pa ara rẹ̀, ohùn okùn á sì kù. Olókùn márùn-ún tẹ̀lé ètò Jazz Bass, béèsì Fender mìíràn tó jáde ní 1960: pickup méjì tó dá dúró, ọ̀kan nítòsí ọrùn, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nígbà tí mo ṣí méjèèjì dọ́gba, ó dákẹ́. Kété tí mo dín ti ọrùn kù kí n lè rí ohùn pickup ìsàlẹ̀ tó ń ké ketekete, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, ariwo dé. Mo dojú kọ ògiri, ó rọlẹ̀. Mo yíjú sí ibi tí àwọn iná gbọọrọ wà, ó tún gbéra. Olókùn mẹ́rin ò bìkítà ibi tí mo kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ bátìrì kò gùn. Gìtá olókùn márùn-ún yìí kò lè sọ̀rọ̀ láìsí bátìrì, bí wáyà bá sì wà nínú ihò rẹ̀, ó ń jẹ bátìrì náà ni, yálà à ń ta á tàbí a kò ta á. Ilé ìjọsìn ni gìtá ń gbé. Ọwọ́ púpọ̀ ló ń kàn án, kò sì dájú pé gbogbo ọwọ́ ló máa rántí yọ wáyà lẹ́yìn ìsìn.

Mo fẹ́ kí okùn karùn-ún sọ tẹnu rẹ̀ dáadáa, torí òun ló mú kí gbogbo èèyàn fẹ́ gìtá náà. Okùn E tó nípọn jù lára olókùn mẹ́rin jẹ́ 41 Hz. Okùn B ti olókùn márùn-ún sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí 31 Hz. Mo ta á lófìfo. Amp gbọ̀n, ara mi gbọ̀n, mo gbádùn rẹ̀, n kò ní parọ́. Mo wá gbé e gba inú spíkà ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì rìn lọ sí ìjókòó tó wà lẹ́yìn nígbà tí ọmọ LAUTECH ń bá mi ta á. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ kò ju ìkùn lọ. Ọ̀pọ̀ spíkà ilé ìjọsìn ni kò lè gbé ohùn tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 40 tàbí 50 Hz jáde bó ṣe yẹ. Tiwa wà lára wọn. Owó okùn karùn-ún ni à bá san, etí ìjọ kò sì ní gbọ́ ọ.

Ohun tí à ń kọ náà wà níbẹ̀. Ọdún 1855 ni àwọn Onítẹ̀bọmi ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn tó wà níhìn-ín sì ti wà láti 1898, orin wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Ìlú tó gba orin ìyìn olóhùn mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ni ìlú yìí. Nínú ìwé orin, ohùn béèsì kì í sábà sọ̀kalẹ̀ kọjá F, gìtá béèsì sì máa ń dún ní ohùn mẹ́jọ sísàlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé lọ. F yẹn bọ́ sí fret àkọ́kọ́ lórí okùn E. Ẹni tó bá fẹ́ ta béèsì orin ìyìn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, okùn mẹ́rin tó o.

Síbẹ̀, ìlù ló máa dájọ́, torí ibi tí béèsì wa ti ń ṣiṣẹ́ jù ni àkókò ìyìn, nígbà tí dùndún bá dìde. Béèsì nínú orin wa ń ṣe ohun tí àgídìgbo ń ṣe nínú àpàlà: ó ń di ilẹ̀ mú, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìlù lè rí ibi dúró sí. A kọ orin kan náà pẹ̀lú gìtá méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ ìdánrawò, mo sì bẹ ọ̀gá akọrin wa kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Nígbà tí mo ń ta olókùn márùn-ún, ohùn rẹ̀ gba ibi gbogbo, ìsàlẹ̀ àti òkè. Ó dùn. Àmọ́ ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa tán. Mo gbé olókùn mẹ́rin. Ohùn rẹ̀ kúrú, ó sanra, ó bọ́ sí àárín ìlù ńlá àti ìyá ìlù, ó sì jókòó síbẹ̀. Onídùndún wa, ọmọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé èyí sílẹ̀ mọ́."

Àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn béèsì ló sọ èyí tí n kò ronú kàn. Wọ́n ní nígbà tí mo ta mẹ́rin, àwọn ń rí ohùn àwọn mú lára gìtá. Nígbà tí mo ta márùn-ún, àwọn mọ̀ pé béèsì ń dún ṣùgbọ́n àwọn kò mọ ohùn tó wà. Ọ̀gá akọrin ò tíì yíjú padà tí wọ́n fi ní, "Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún yìí ni kẹ́ ẹ rà."

Mo tún fi gìtá méjèèjì lé ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ béèsì lọ́dọ̀ mi lọ́wọ́. Ọrùn olókùn márùn-ún fẹ̀, ìka rẹ̀ ò dé okùn tó jìnnà jù láìtẹ ọrùn ọwọ́. Ó ta mẹ́rin láìsí wàhálà. Lójú tèmi, gìtá ìjọ kò yẹ kó jẹ́ èyí tí èmi nìkan lè gbé.

Bí spíkà ìsàlẹ̀ oní-18 íǹṣì bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, tàbí kó jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó ń kọ orin òde òní ní gbogbo ìsìn ni wá, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ǹ bá sọ. Gìtá ọmọ LAUTECH náà dára, mo sì sọ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ó bi mí bóyá etí fret tó yọ yẹn ló bà á jẹ́, mo ní rárá, mo fi bí wọ́n ṣe ń fi fáìlì bó o hàn án. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ọgbà wọn ló padà rà á.

Bàbá ní Takie dín owó kù nígbà tí ó gbọ́ pé ìjọ ló fẹ́ ẹ. Ìyókù owó la fi ra àpò tó nípọn fún gìtá náà, pẹ̀lú okùn flatwound, irú èyí tí ara rẹ̀ dán, tí ìka kì í ha lórí rẹ̀. Okùn bẹ́ẹ̀ ni James Jamerson, ògbóǹtarìgì atabéèsì ará Amẹ́ríkà, fi sára Precision 1962 rẹ̀, tó fi ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Motown, ó sì bá dùndún mu ju bí mo ṣe rò lọ. Fún orin tó bá wà ní kíì D, mo máa ń dẹ okùn E sílẹ̀ di D kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí 37 Hz. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ ẹ́, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà.