Bí mo ṣe ń sin edé ọ̀sà nínú gíláàsì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Oṣù Karùn-ún ni mo kọ́kọ́ gbé edé wọ inú gíláàsì, méjìlá ni wọ́n. Omi mọ́ gaara, mo ti fọ iyanrìn, mo ti to òkúta, mo rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, méjì ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, kò ku ẹyọ kan. Ara wọn tó ti ń dán bí ọ̀rá tẹ́lẹ̀ ti funfun, ó sì ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí èyí tí wọ́n bọ̀. Ó dùn mí gan-an, torí èmi ni mo pa wọ́n. Àwọn tí mo ní báyìí ti lo oṣù mẹ́rin, ohun tí mo ṣe yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ rò fún yín.

Gíláàsì náà kò yí padà. Onígíláàsì kan ní Wàǹdó, nílùú wa níbí, ló gé e fún mi: gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60, ìbú rẹ̀ 30, gíga rẹ̀ 30, nínípọn rẹ̀ mìlímítà 5. Tí omi bá kù díẹ̀ kó kún un, ó tó lítà 48. Èmi fúnra mi ni mo fi sílíkónì lẹ̀ ẹ́. Ẹ má ra èyí tí wọ́n fi ń dí etí balùwẹ̀ o, oògùn wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ara ògiri bu, oògùn yẹn kò sì dáa fún edé. Èyí tó máa ń rùn bíi fínígà bó bá ń gbẹ ni mo lò, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún títí òórùn náà fi tán. Mo wá pọnmi kún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí pépà ìròyìn, kí n lè rí i bó bá ń jò. Igun kan jò. Mo da omi nù, mo fi réésà họ ibẹ̀, mo tún un lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ló gba sùúrù. A ní kànga nínú agbo ilé wa, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ṣáláńgá, n kò lè fi ẹ̀mí edé lé e lọ́wọ́. Omi ẹ̀rọ ni mo ń lò. Kólórínì wà nínú ìyẹn, nítorí náà inú agbada ńlá ni mo máa ń rọ ọ́ sí, n kò ní dé e, ó ti di ọjọ́ kejì kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n kólórínì kọ́ ló pa àwọn ti àkọ́kọ́. Ìgbẹ́ edé, oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ewé tó ń rà, amóníà ni gbogbo wọn ń dà nínú omi, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń sọ amóníà di nítírítì. Májèlé ni nítírítì náà. Àwọn mìíràn ló wá ń sọ nítírítì di nítírátì, èyí tí kì í ṣe edé ní nǹkan bí kò bá pọ̀ jù, tí ewé inú omi sì ń fi ṣe oúnjẹ. Nínú odò, àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti wà nílẹ̀ kí edé tó dé. Nínú gíláàsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kò sí ìkankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n máa ń lò kí wọ́n tó pọ̀ tó lára iyanrìn àti fóòmù tó ń sẹ́ omi. Èmi kò fún wọn ní ju ọjọ́ méjì lọ.

Ní oṣù Keje, mo tún bẹ̀rẹ̀. Iyanrìn odò tó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, tí mo fọ̀ títí omi rẹ̀ fi là. Àpáàdì mẹ́rin láti ara ìkòkò ìyá mi tó fọ́. Fóòmù tí ẹ̀rọ kékeré ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀. Orí pẹpẹ tó ga ju ojú omi lọ ni mo gbé ẹ̀rọ náà sí, torí pé bí iná bá lọ, omi lè gba inú ọ̀pá rọ́bà padà wá bá ẹ̀rọ, ilẹ̀ yàrá á sì kún fún omi. Mo já ojú oró létí ọ̀sà, pẹ̀lú ewé kan tó máa ń rìn nísàlẹ̀ omi bí ìrù ológbò. Mo gbọ̀n wọ́n nínú omi mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó jábọ́ nínú ojú oró nìkan: eṣúṣú kan, àti ọmọ lámilámi méjì. Bí lámilámi ṣe lẹ́wà tó lókè, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé inú omi, ẹran ló ń jẹ, edé kékeré kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo ń bù oúnjẹ ẹja díẹ̀, ìwọ̀n ṣín-ín-ṣín, sínú omi tí kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀, ní ọjọ́ méjì méjì. Àbúrò mi obìnrin wò mí títí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń bọ́?” Mo ní omi ni. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní omi náà dà bí omi ògì, ó tún là fúnra rẹ̀. Mo ní pépà ìdánwò tí mo máa ń rì bọ omi: ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àmì nítírítì pọ́n gan-an, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kò sí mọ́. Ara àpáàdì ti ń yọ̀, ewé tútù tẹ́ẹ́rẹ́ ti bò ó. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo ra gíláàsì lọ.

Oṣù Kẹjọ ni mo padà lọ bá ìyá tó ń ta edé létí ọ̀sà. Mo kí i, mo sọ fún un pé àwọn ti ìjelòó kú. Ègùn ló fi dá mi lóhùn, mo gbọ́ ọ dáadáa: ó ní ní oṣù Karùn-ún, iyọ̀ ṣì wà nínú ọ̀sà, pé inú omi iyọ̀ ni mo ti kó wọn lọ sínú omi tí kò níyọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ ọ̀sà wa. Bí odò Wẹ́mẹ̀ bá ti kún lásìkò òjò, omi rẹ̀ á ti iyọ̀ náà jáde. Èmi tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́, n kò ronú kan èyí rí. Ìyá náà bá mi ṣa mẹ́jọ nínú agbọ̀n, àwọn tí kò ju oríkèé ìka lọ, ó ní kí n má mú àwọn alápá gígùn. Macrobrachium ni àwọn onímọ̀ ń pe irú edé yìí. Àwọn ẹ̀yà kan nínú wọn lè gùn tó ọwọ́ àgbàlagbà, akọ wọn tó bá sì ti dàgbà, apá rẹ̀ á gùn ju ara rẹ̀ lọ, yóò máa fi fún èyí tó kù mọ́ra.

N kò dà wọ́n sínú gíláàsì tààrà. Mo fi wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú omi tí wọ́n bá wá, mo so ọ̀pá rọ́bà ní kókó, mo jẹ́ kí omi gíláàsì máa kán tó, tó, tó sí wọn lórí fún wákàtí méjì.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹsàn-án, mo rí ọ̀kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àyà mi já. Mo sún mọ́ gíláàsì, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ti là, níbi tí èèpo orí ti pàdé èèpo ìrù. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ta pọ́ún lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sẹ́yìn, ó sì fi ara rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ níbẹ̀: ojú, ẹsẹ̀, ìwo tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ pé, ó mọ́ bíi gíláàsì. Edé náà fúnra rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ó ń gbọ̀n, ó rá wọ abẹ́ àpáàdì. Bí edé ṣe ń dàgbà nìyẹn. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn yòókù lè pa á jẹ, ìdí tí àpáàdì fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Ẹ má kó èèpo náà dànù, ó máa padà wá jẹ ẹ́, kí ara rẹ̀ lè tètè le.

Mẹ́ta ni mo pàdánù láti ìgbà náà, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni. Ẹ̀fọn pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnì kan nínú ilé fín oògùn ẹ̀fọn sí yàrá, ẹ̀rọ atẹ́gùn sì ń fa afẹ́fẹ́ yàrá yẹn wọ inú omi. Oògùn tó ń pa ẹ̀fọn, ó ń pa edé pẹ̀lú, ìwọ̀nba tí ẹja kò ní mọ̀ lára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò, wọ́n ń yí po. Mo pa ẹ̀rọ, mo ṣí fèrèsé, mo pààrọ̀ ìdajì omi pẹ̀lú omi tó ti sùn nínú agbada. Márùn-ún yè. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í fín oògùn nínú yàrá yẹn mọ́, bí mo bá sì fọwọ́ kan àpò ẹ̀fọn tí wọ́n rẹ sínú oògùn, mo máa ń fọwọ́ dé ìgbúnwọ́ kí n tó fi kan omi edé. Bákan náà ni oògùn ẹja tó ní bàbà nínú: kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Akàn kékeré tí mo rà pẹ̀lú wọn kò bá wọn gbé pẹ́. Ó gun ọ̀pá rọ́bà jáde lálẹ́, abẹ́ àga ni mo ti bá a. Mo dá a padà sí ọ̀sà. Ìṣáwùrú ni mo fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n ń há ewé ara gíláàsì jẹ, wọn kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Oúnjẹ edé kò tó nǹkan: ewé tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti ewé gbígbẹ igi badamier, igi tí àwọn ọmọdé máa ń sọ lókò nítorí èso rẹ̀ káàkiri ìgboro wa.

Ní oṣù Kọkànlá, ọ̀kan gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, bí èso ilá tó pọ̀n, ó ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ wọn tọ̀sán tòru. Wọ́n pa, mo rí wọn bí eruku tó ń jó nínú omi, nígbà tó fi di ọjọ́ kẹfà kò sí ìkankan mọ́. Ọmọ edé yìí kò lè dàgbà nínú omi tí kò níyọ̀. Odò ló ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí iyọ̀ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà kí wọ́n tó gòkè padà. Àwọn tó ń sin ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Éṣíà fún títà, nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 12 nínú lítà kan ni wọ́n ń lò.

Ó tún ti gbé ẹyin. Mo ti ya bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sọ́tọ̀ fún un, fóòmù kékeré ti wà nínú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, ìyá etí ọ̀sà sì ti ní òun á ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tí òun bá ti tọ́ iyọ̀ wò nínú omi.