Bí a ṣe ń bó irun, tí a sì ń pa á láró nílé láìjẹ́ kó já

Wọ́n ní aṣọ funfun ní ń sunkún aró. Irun dúdú kì í sunkún rẹ̀. Ẹ lè ra aró búlúù tó wọ́n jù lọ ní ọjà Wàndó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí ẹ kùn ún sórí irun dúdú yín láti àárọ̀ di alẹ́: bí ẹ bá dúró nínú oòrùn, bóyá a ó rí i díẹ̀, bí ẹ bá wọ inú ilé, ó parí. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bó irun náà, ìyẹn ni pé kí ẹ mú dúdú ara rẹ̀ kúrò. Bíbó yìí gan-an ni iṣẹ́. Aró kíkùn tí gbogbo èèyàn ń yọ̀ mọ́, ọmọdé lè ṣe é.

Lọ́dọọdún tí Nọ́ẹ̀lì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ ilé wa níbí ní Àjàṣẹ́ máa ń tò sẹ́yìnkùlé mi. Èyí tí mo tún ṣe lẹ́yìn tí ẹlòmíì ti bà á jẹ́ pọ̀ ju èyí tí mo fọwọ́ ara mi bẹ̀rẹ̀ lọ.

Àwọn kan wà tí n kì í dá lóhùn rárá. Ẹni tó ní egbò lórí. Ẹni tó ní ikọ́ fée, torí pé pódà tí a fi ń bó irun máa ń ru ikọ́ náà sókè. Ẹni tó fi dẹ́frísáǹ na irun tí kò tíì pé oṣù méjì, nítorí irun tí nǹkan kan ti jẹ, òmíràn kò gbọdọ̀ tún jẹ ẹ́. Àti ẹni tó ti lo làálì dúdú inú páálí: wọ́n máa ń po iyọ̀ irin mọ́ òmíràn, bí ó bá sì pàdé ọ̀ksídáǹ, omi tí a fi ń po pódà náà, irun lè gbóná lójú ẹsẹ̀ títí tí yóò fi rú èéfín. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ gé irun díẹ̀ níbi tí kò hàn, kí ẹ fi dán an wò nínú ife tí ọ̀ksídáǹ wà.

Ohun tí ẹ máa rà: pódà tí ń bó irun, ọ̀ksídáǹ, aró, ìbọ̀wọ́, fásẹ́lìn. Lára ìgò ọ̀ksídáǹ ni wọ́n ń kọ 20, 30 tàbí 40 sí. 20 túmọ̀ sí pé ìdá 6 nínú 100 omi náà ni oògùn tó ń bó irun, 30 jẹ́ 9, 40 jẹ́ 12. Ẹni tó ń tà á yóò sọ fún yín pé 40 ló yá jù. Ó yá lóòótọ́, awọ orí náà sì yá bó. 20 ni kí ẹ mú. Ike màyọ́nẹ́ẹ̀sì tó ti tán ni mo fi ń po tèmi, n kì í lo abọ́ irin. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó dára ju èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ náà lọ níbi etí. Síríǹjì ilé oògùn, láìsí abẹ́rẹ́, ni mo fi ń wọn ọ̀ksídáǹ: bí pódà bá jẹ́ gíráàmù 30, ọ̀ksídáǹ mílílítà 60, àyàfi bí páálí bá sọ ohun mìíràn. Ẹ má ṣe dé àṣẹ́kù pa sínú ìgò. Yóò bú gbàmù.

Ẹ jọ̀ọ́, Javel kì í ṣe oògùn irun o! Ọmọ àbúrò ìyá mi kan rò ó pé ohun tó lè mú aṣọ funfun lè mú irun funfun. Irun iwájú rẹ̀ yọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ bí òwú tó jẹrà. Oṣù mẹ́jọ ló fi wé gèlè.

Ẹ má fọ orí fún ọjọ́ méjì ṣáájú. Ọ̀rá ara ń dáàbò bo awọ. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, níta, nínú ibòòji, torí pé iná gílóòbù ń parọ́ àwọ̀. Ẹ fi fásẹ́lìn pa etí àti ẹ̀gbẹ́ iwájú. Ẹ pín irun sí mẹ́rin.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí: ìdí irun. Ooru orí ń mú kí ìdí irun tètè bó, kó yá ju àárín àti ṣóńṣó lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí yóò rí i pé ìdí ti pọ́n bí ẹyin, ṣóńṣó ṣì dúdú bí obì gbígbẹ. Bí ó bá wá ní òun ń dúró de ṣóńṣó, ìdí á jó. Ẹ fi ìwọ̀n ìbú ìka kan sílẹ̀ sí awọ orí. Láti ìpàkọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ níwájú, kí ẹ sì fi pódà náà nípọn bí ẹ̀kọ tó ki, torí pé èyí tó bá gbẹ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ dà á bo tán láàárín ìṣẹ́jú ogún, bí ẹ bá ní ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá fi sí ìdí irun. Ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó. Ẹ má jókòó sínú oòrùn, ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun sún mọ́ ọn.

Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ fi àkísà tútù nu fọ́nrán kan, kí ẹ wò ó. Láti dúdú yóò di pupa bí epo, yóò di ọsàn, yóò di yẹ́lò bí ẹyin, kó tó wá dà bí inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ fa fọ́nrán náà díẹ̀: bí ó bá ń yọ̀, tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, irun ti kú. Ẹ fi omi ṣàn án.

Kí awọ orí máa ta pẹ́pẹ́pẹ́ kì í ṣe nǹkan. Kó jó yàtọ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó níwájú mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Tántí, ó ń jó mi.” Mo wo fọ́nrán, ó kù díẹ̀ kó dé ibi tí mo fẹ́, mo ní, “Fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.” Nígbà tí a fọ̀ ọ́, egbò mẹ́ta ló wà láàárín orí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó owó fráǹkì márùn-ún. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe “ó ń jó”, mo ti gbé omi. Ìṣẹ́jú 45 ni òpin tèmi, ohun yòówù kí àwọ̀ náà jẹ́. Bí kò bá tíì tó, ọ̀sẹ̀ méjì ni a ó dúró kí a tó tún un ṣe. Kì í ṣe ọ̀sán ọjọ́ kan náà.

Aró ló kù. Ẹ fọ irun, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má fi kíríìmù kankan sí i. Bí irun bá dúró lórí ọsàn, pupa ni kí ẹ kùn, yóò rẹwà gan-an. Búlúù lórí yẹ́lò yóò di àwọ̀ ewé, ẹ má wá bá mi jà. Aró ẹsẹ̀ àlùkò ń fẹ́ irun tó ti dà bí inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Aró inú ike tí kò béèrè ọ̀ksídáǹ, ẹ má po ọ̀ksídáǹ mọ́ ọn. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ fi omi tútù ṣàn án. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ aró náà má ki jù, kí ẹ tó kùn ún, ẹ fi kíríìmù funfun tí a ń fi sírun lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ là á.

Irun ń hù tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Bí dúdú bá yọ nídìí, dúdú náà nìkan ni kí ẹ bó. Èyí tí ẹ bó tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí pódà kàn án mọ́. Ibẹ̀ ni irun ti ń já.

Ẹ gbé aṣọ ìrọ̀rí funfun ìyá yín pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Aró pupa kì í jáde lára rẹ̀, mo ti fi ọṣẹ dúdú, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ẹ̀bẹ̀ dán an wò.