Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíka Àwòrán Ọpọlọ Aláìsàn PRES

Orúkọ àìsàn PRES (posterior reversible encephalopathy syndrome, ìyẹn àìsàn ẹ̀yìn ọpọlọ tí ó lè rọlẹ̀) gan-an ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Láti ọdún 1996, tí Judy Hinchey àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàpèjúwe rẹ̀ lára aláìsàn 15, ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ẹ̀yìn ọpọlọ ni ó máa ń wú, lọ́tùn-ún àti lósì, àti pé wíwú náà máa ń rọlẹ̀. Kókó méjèèjì wà nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dúró bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ má ṣe sọ pé kì í ṣe PRES kìkì nítorí pé ibi funfun, ìyẹn ibi tí ó wú, tún hàn níwájú ọpọlọ tàbí nínú ọpọlọ kékeré. Ó máa ń dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹ má sì fi àwòrán CT (èyí tí a fi X-ray yà) tí kò fi nǹkan kan hàn parí ọ̀rọ̀ aláìsàn tí gìrì mú tí ojú rẹ̀ sì ṣú, nítorí MRI (àwòrán tí a fi mágínẹ́ẹ̀tì yà), pàápàá FLAIR, irú MRI tí ó ń fi wíwú hàn kedere, lè fi ohun tí CT kò rí hàn.

Àṣìṣe tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni pípe PRES ní rọpárọsẹ̀. Nínú PRES, omi ń jò láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ bọ́ sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń rìn fàlàlà níbẹ̀. Nínú rọpárọsẹ̀ tí iṣan dídí fà, inú sẹ́ẹ̀lì ni omi há sí. Àwọn méjèèjì lè funfun lórí DWI (irú MRI tí ó ń wo bí omi ṣe ń rìn nínú ọpọlọ), nítorí náà ẹ má ṣe kà á láìwo àwòrán ADC (èyí tí ó ń wọn bí omi náà ṣe ń rìn tó), níbi tí PRES ti sábà máa ń mọ́lẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ tuntun sì máa ń dúdú. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán: a sábà máa ń fi ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gíga aláìsàn rọpárọsẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ti aláìsàn PRES ni a gbọ́dọ̀ rọra mú wálẹ̀.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí kò ga kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe PRES. Ẹ béèrè oògùn tí aláìsàn ń lò, bíi tacrolimus tàbí cyclosporine tí ó ń dín agbára ìgbèjà ara kù, kí ẹ sì béèrè bóyá ó lóyún tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ẹ má sì ṣèlérí fún ẹbí pé gbogbo rẹ̀ yóò lọ. Bí ADC bá dúdú níbì kan, tàbí tí SWI (irú MRI tí ó ń wá ẹ̀jẹ̀) fi ẹ̀jẹ̀ hàn, àpá lè kù. Ẹ tún àwòrán náà yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀; bí ibi funfun náà kò bá yí padà rárá, ẹ tún wá ohun mìíràn tí ó lè fà á.