Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń wá ìmọ̀ràn lórí fọ́tò òkè àti odò

Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya fọ́tò òkè, odò àti pápá máa ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn wò ó. Ìyẹn kò burú, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n owó tí mo ń rí tí ó ń ṣòfò nídìí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Àkọ́kọ́, má ṣe béèrè pé, “Ṣé ó dára?” Ẹni tí o bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò ní ó dára, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Sọ ohun tí o fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ bà lé nínú fọ́tò náà, kí o sì béèrè bóyá ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ lọ ní tòótọ́.

Èkejì, má ṣe da ogójì fọ́tò ibì kan ṣoṣo sí ènìyàn lọ́rùn. Mú méjì.

Ẹ̀kẹta ni ó ń bí mi nínú jù, ìyẹn ni fífi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹni ń fi fọ́tò ìkómọjáde ránṣẹ́ sí ẹbí. WhatsApp a máa fún fọ́tò kéré kí ó lè fúyẹ́, a sì máa yọ àkọsílẹ̀ tí kámẹ́rà ṣe sínú rẹ̀ dànù, èyí tí ì bá sọ fún wa bí shutter (ìlẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí tí ó sì ń padé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé) ti yára tó, iye ISO (bí kámẹ́rà ti ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó), àti bí ihò lẹ́ńsì ti ṣí tó. Nígbà ọyẹ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi fọ́tò àwọn òkè Ìdànrè ránṣẹ́ báyìí sí àwa mélòó kan. Àwọn kan ní ó rí bàìbàì, wọ́n sì ní lẹ́ńsì rẹ̀ ni kò dára. Ọmọ náà ta lẹ́ńsì, ó yá owó kún un, ó ra òmíràn tí ó wọ́n ju kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lọ, bàìbàì náà ni tuntun sì ń yà. Nígbà tí ó wá fi ojúlówó fáìlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, èyí tí WhatsApp kì í fún kéré, mo wọ awò ojú àgbà mi, mo fà á tóbi lórí kọ̀ǹpútà, àṣírí sì tú: f/22 (bí nọ́ńbà f bá ṣe tóbi tó ni ihò lẹ́ńsì ń kéré tó), ISO 100, shutter 1/15 (ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú àáyá), ọwọ́ lásán ni ó sì fi gbé kámẹ́rà lẹ́yìn tí ó gun ọgọ́rọ̀ọ̀rún àtẹ̀gùn tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ọwọ́ ń gbọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ihò tóóró f/22 kọjá a sì máa fọ́n ká, kì í jẹ́ kí àwòrán mú. Ká ní ó ṣí i sí f/8 ni, shutter ì bá dé 1/125 láìfọwọ́ kan ISO, láìná kọ́bọ̀. Eruku ọyẹ́ tí ó wá láti Sàhárà sì nìyẹn, kò sí lẹ́ńsì tí ó ń ríran gbà á kọjá. Òjò ni kí a dúró dè.

Má ṣe bá ẹni tí o bẹ̀ jiyàn. Bí a bá ní ojú ọ̀sà Èkó dagun nínú fọ́tò rẹ, tún un ṣe.

Má sì ṣe ròyìn ìyà tí o jẹ kí o tó dé ibi omi Olúmìrìn tí ń já bọ́ láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, nítorí fọ́tò ni a fẹ́ wò.

Àwọn mìíràn a gba ìmọ̀ràn tán, wọn a dúpẹ́, wọn kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Bí a bá sọ fún ọ pé oòrùn ọ̀sán gangan ni ó ba fọ́tò rẹ jẹ́, padà lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ilẹ̀ wa níbí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni ilẹ̀ ti ń ṣú, nítorí náà to kámẹ́rà rẹ sílẹ̀ ṣáájú, kí o yà á, kí o sì fi ti àtijọ́ àti ti tuntun ránṣẹ́ pọ̀ kí ẹni tí ó gbà ọ́ nímọ̀ràn lè fi wọ́n wéra.