Bí Ìkookò Bá Pa Ẹran Ọ̀sìn Yín

Bí ẹ bá ń sin màlúù tàbí àgùntàn ní Amẹ́ríkà, tí ilẹ̀ mọ́ tí ẹ bá òkú ẹran ní pápá, ẹ fi ìbọn sílẹ̀ ná. Láti ọdún 1973 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ń dáàbò bo ẹranko tó fẹ́ run tán, ìkookò (wolf) sì wà lára wọn. Níbi tí ààbò náà ti kún, ẹ ò gbọdọ̀ yìnbọn fún un, ẹ ò gbọdọ̀ dẹ pàkúté fún un, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò gbọdọ̀ fi májèlé dè é. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa á níbẹ̀ lè san ìtanràn tó tó 50,000 dọ́là, kó sì tún ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Òfin náà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Montana, Idaho àti Wyoming, ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso ìkookò. Ní Minnesota, òṣìṣẹ́ ìjọba lè pa èyí tó ń jẹ ẹran ọ̀sìn, àgbẹ̀ ni kò lè pa á. Colorado ní ìlànà tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ ló dá ààbò náà padà fún ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù ní February 2022. Ẹ tètè béèrè èyí tó mú yín lọ́wọ́ ọ́fíìsì ẹranko ìgbẹ́.

Bí ìkookò bá kọjú ìjà sí èèyàn, ẹ lè gbèjà ẹ̀mí, kí ẹ sì kọ̀wé sọ fún ìjọba láàárín ọjọ́ 5. Ẹ̀mí èèyàn ni òfin ń wí o. Ti àgùntàn kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀rí lẹ fi máa gba owó gbà-máà-bínú fún ẹran yín. Ẹ má wọ́ òkú náà kúrò níbi tó wà. Ẹ so ajá mọ́lẹ̀, ẹ fi tapólì bo òkú náà, kí ẹ sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ kí igún má baà ṣí i. Bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ ẹranko nílẹ̀, ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì da korobá bò ó. Ẹsẹ̀ ìkookò máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Ti kóyótì, ẹranko kan tó jọ ìkookò àmọ́ tó kéré jù ú lọ, tí àwọn èèyàn sábà máa ń ṣì mú fún un, kì í ju bíi 7 lọ.

Irun àgùntàn máa ń bo ojú eyín, nítorí náà olùṣèwádìí tó bá wá yẹ òkú náà wò á bó awọ rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì pọ̀ lábẹ́ awọ níbi tí eyín ti wọlé, ẹran náà ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n bù ú jẹ. Bí ibẹ̀ bá funfun láìsí ẹ̀jẹ̀, òkú ni wọ́n wá jẹ. Ibí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń pàdánù: bí ooru bá mú òkú náà fún ọjọ́ kan péré, gbogbo ẹran ara á dúdú, kò sì sẹ́ni tó lè fìyàtọ̀ sí i mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pe ọ́fíìsì ẹranko ìgbẹ́.

Fún ìdènà, bí olùṣèwádìí bá ti parí iṣẹ́, ẹ tètè kó òkú ẹran kúrò ní pápá, torí òórùn rẹ̀ ló ń pe ìkookò wá. Lásìkò ìbímọ màlúù, ẹ ta okùn yí ọgbà ká, kí ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn ní sẹ̀ǹtímítà 45 síra, kí ìsàlẹ̀ aṣọ sì fi bíi 15 ga sílẹ̀. Ìkookò máa ń bẹ̀rù àtikọjá rẹ̀, àmọ́ tó bá tó bí oṣù méjì, ojú rẹ̀ á ti mọ́ ọn, nítorí náà ẹ má ta á sílẹ̀ yípo ọdún. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀: afẹ́fẹ́ máa ń wé aṣọ mọ́ okùn, àlàfo tó bá sì ṣí níbẹ̀ ni ìkookò á gbà wọlé.