Bí Mo Ṣe Fi Fèrèsé Sí Ilé Tí Àwọn Olùyọ̀ǹda Ń Kọ́

Ilé ọ̀fẹ́ kọ́ ni Habitat for Humanity, ẹgbẹ́ tí Millard àti Linda Fuller dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976, máa ń bá àwọn ìdílé kọ́. Ìdílé náà á bá wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀pọ̀ ọdún san owó ilé náà díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá wá ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé, igi inú ògiri á jẹrà, ògiri á bu, àwọn ọmọ á máa húkọ́, owó tó yẹ kí wọ́n fi san gbèsè ilé á di owó àtúnṣe. Ìdí nìyí tí n kì í fi kánjú nídìí fèrèsé.

Ilé onípákó ni èyí. Mo kọ́kọ́ wọn àlàfo. Ó yẹ kó fẹ̀, kó sì ga, ju fèrèsé lọ ní nǹkan bí ìdajì ínǹṣì. Mo tún wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, lọ́nà méjèèjì. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, àlàfo náà ti wọ́ nìyẹn.

Nídìí téèpù tí kì í gba omi ni iṣẹ́ wà jù. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀: mo lẹ̀ ẹ́ bo pákó ìsàlẹ̀, mo sì jẹ́ kó gun ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ínǹṣì 6. Mo wá fa gọ́ọ̀mù sẹ́yìn etí fèrèsé lápá ọ̀tún, lápá òsì àti lókè. N kò fà á sí ìsàlẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda tuntun máa ń bèèrè pé ṣé a fẹ́ kí omi wọlé ni. Bó pẹ́ bó yá, omi díẹ̀ á wọlé. Ìsàlẹ̀ yẹn ni yóò gbà jáde. Ẹni tó bá dí i ti há omi mọ́ inú igi.

Ẹni méjì gbé fèrèsé náà láti ìta, ẹnì kan dúró nínú ilé, ó ń fi ẹ̀là igi pẹlẹbẹ tì í títí lẹ́fẹ́lì fi dọ́gba. Ìṣó kan ní igun òkè, mo ṣí fèrèsé, mo tì í, kí n tó kan ìyókù.

Téèpù ẹ̀gbẹ́ ló tẹ̀ lé e, ti òkè ló kẹ́yìn. Ọ̀rá tí a fi wé ilé, tí a ti gé tí a sì ká sókè, la wá dà bo téèpù òkè, bí páànù òrùlé ṣe ń gun ara wọn. Bí téèpù òkè bá wà lójú ọ̀rá, omi tó ń ṣàn lẹ́yìn ọ̀rá á bọ́ sẹ́yìn téèpù.

Láti inú ilé, ẹni tí yóò gbé ibẹ̀ ni mo ní kó fi fóòmù dí àlàfo tó kù, kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbabẹ̀ wọlé. Fóòmù tó ń wú díẹ̀, tí wọ́n ṣe fún fèrèsé, ni. Èyí tó ń wú púpọ̀ máa ń ti igi fèrèsé, fèrèsé á sì há. Mo tún kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá ń kun ilé lọ́jọ́ iwájú, kí ọ̀dà tàbí gọ́ọ̀mù má dí etí ìsàlẹ̀ yẹn.